Bí Ojú Ìwé Ṣe Wọ Inú Fóònù

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2008, fóònù Android àkọ́kọ́ dé orí àtẹ ní Amẹ́ríkà. HTC ló ṣe é, T-Mobile ló ń tà á, G1 ni wọ́n sọ ọ́. Ojú rẹ̀ jẹ́ píksẹ́lì 320 ní ìbú àti 480 ní òró. Mẹ́mórì rẹ̀ kò ju mẹ́gábáìtì 192 lọ, áàpù kan ṣoṣo kò sì gbọdọ̀ jẹ ju 16 lọ nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká wá gbé ojú ìwé A4 kan ṣoṣo síwájú fóònù yìí. Bí a bá fẹ́ kó mọ́ kedere bí èyí tí wọ́n tẹ̀ sórí bébà, ìyẹn àmì 300 nínú íǹṣì kọ̀ọ̀kan, píksẹ́lì 2,480 ní ìbú àti 3,508 ní òró la ó yà. Báìtì 4 ni píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan ń gbà. Àpapọ̀ rẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 34 báìtì. Ojú ìwé kan péré ti ju ìlọ́po méjì ohun tí wọ́n bù fún gbogbo áàpù náà.

Ìṣirò yìí ni gbòǹgbò ìbéèrè tí kò tíì kúrò lẹ́nu àwọn tó ń kọ áàpù láti ìgbà náà wá: láíbìrì wo, ìyẹn àkójọ kóòdù tí áàpù ń gbé wọlé lò, ló ń ya PDF kíákíá jù? Orúkọ tí wọ́n á dá fún èèyàn pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá tọ ipasẹ̀ àwọn láíbìrì wọ̀nyí dé orírun yóò rí i pé ìdílé mélòó kan péré ni wọ́n ti ṣẹ̀ wá, àti pé kò sí ìdílé tó rí eré sá lọ́fẹ̀ẹ́. Òmíràn fi mẹ́mórì san án, òmíràn fi òmìnira oníṣòwò, òmíràn sì fi ààbò ẹni tó ni fóònù.

Ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. John Warnock àti Chuck Geschke jọ ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwádìí Xerox ní Palo Alto, ní ìpínlẹ̀ California. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣe èdè kan tó ń jẹ́ Interpress, èyí tí kọ̀ǹpútà lè fi júwe ojú ìwé fún ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Xerox gba iṣẹ́ náà wọlé, àmọ́ kò ṣe tán láti gbé e síta fún aráyé. Nígbà tó sú àwọn méjèèjì, wọ́n fi ibẹ̀ sílẹ̀ lọ́dún 1982, wọ́n dá ilé iṣẹ́ tiwọn sílẹ̀, wọ́n sì fi orúkọ odò kékeré kan tó ń ṣàn lẹ́yìn ilé Warnock sọ ọ́: Adobe.

Èdè tuntun tí wọ́n kọ ni PostScript. Inú LaserWriter ló ti gbajúmọ̀, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí Apple gbé jáde lọ́dún 1985 ní dọ́là 6,995. Ọpọlọ tó wà nínú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé yẹn yára ju èyí tó wà nínú kọ̀ǹpútà Macintosh tó ń rán an níṣẹ́ lọ, kò sì lè ṣe kó má rí bẹ́ẹ̀, torí ẹrù ńlá ni PostScript ń dì fún un. Prógíráàmù gidi ni fáìlì PostScript kọ̀ọ̀kan. Ó lè ṣírò, ó lè tún iṣẹ́ kan náà ṣe nígbà ẹgbẹ̀rún, ó lè sọ pé bí báyìí bá rí báyìí, ṣe tọ̀hún. Agbára yìí jẹ́ kí ẹ̀rọ lè ya ohunkóhun, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kó lè fo ohunkóhun. Ẹ̀rọ tó fẹ́ rí ojú ìwé 100 gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ la ojú ìwé 99 tó ṣáájú kọjá, torí kò mọ ohun tí wọ́n ti yí padà lọ́nà.

Warnock tètè rí i pé èyí yóò dá wàhálà sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń múra àtifi LaserWriter han aráyé, ó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ fọ́ọ̀mù owó orí Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ 1040 ní PostScript. Fọ́ọ̀mù náà kún fún ìlà, àpótí àti lẹ́tà wínníwínní, ó sì ń pẹ́ jù kó tó jáde. Ọgbọ́n tó dá sí i wuyì púpọ̀. Ó yí iṣẹ́ àwọn àṣẹ tó ń fa ìlà padà: dípò kí wọ́n fa ìlà, ńṣe ni wọ́n á kọ ibi tí ìlà náà bọ́ sí sílẹ̀. Ó wá jẹ́ kí prógíráàmù náà ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ohun tó kù kò ní ìṣirò nínú mọ́, kò sì ní àyípoyípo kankan. Ìlà àti ibi tó wà, lẹ́tà àti ibi tó wà, títí dé ìparí. Fọ́ọ̀mù tó ń fà tẹ́lẹ̀ wá ń jáde wéré.

Inú ọgbọ́n yẹn ni PDF ti hù. Lọ́dún 1991 Warnock kọ ìwé kúkúrú kan lórí iṣẹ́ tó pè ní Camelot, níbi tó ti ń wá bí ìwé yóò ṣe rí bákan náà lórí ẹ̀rọ gbogbo, ẹni yòówù kó ṣí i. Ní oṣù kẹfà ọdún 1993, Adobe gbé Acrobat àti PDF jáde. Ọjà kọ́kọ́ tutù. Dọ́là 50 ni wọ́n ń ta prógíráàmù tí èèyàn máa fi wo fáìlì lásán, ta ló sì fẹ́ sanwó kó tó lè ka ohun tí ẹlòmíràn fi ránṣẹ́ sí i? Ìgbà tí Adobe sọ ọ́ di ọ̀fẹ́, tí àjọ owó orí Amẹ́ríkà sì bẹ̀rẹ̀ sí í pín fọ́ọ̀mù rẹ̀ ní PDF, ni ọjà tó gbóná.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí tí PDF fi yára ju PostScript tó bí i lọ, kó fi prógíráàmù ìkọ̀wé lásán ṣí ọ̀kan, kó sì lọ tààrà sí ìsàlẹ̀ pátápátá. Ìlà tó kẹ́yìn yóò jẹ́ %%EOF. Nọ́ńbà kan wà lókè rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà startxref sì wà lókè nọ́ńbà yẹn. Nọ́ńbà náà ló ń sọ báìtì tí tábìlì àdírẹ́sì ti bẹ̀rẹ̀. Tábìlì náà ló ń sọ ibi tí ohun kọ̀ọ̀kan wà nínú fáìlì, ìbáà jẹ́ ojú ìwé, fọ́ǹtì tàbí àwòrán. Ìdí fáìlì ni ẹ̀rọ ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í ka PDF. Á ka nọ́ńbà, á fò lọ sí tábìlì, á fò lọ sí ojú ìwé 100, kò ní í bá 99 tó kù ní àṣepọ̀ kankan. Lórí ojú ìwé náà fúnra rẹ̀, àṣẹ kò gùn: m ní kí kálámù bọ́ síbì kan, l ní kó fa ìlà, Tj ní kó kọ ọ̀rọ̀. Íǹṣì kan pín sí 72, ojú ìwé A4 sì di 595 ní ìbú, 842 ní òró.

Ìdí fáìlì kì í tètè dé, ṣá, bí íntánẹ́ẹ̀tì bá ń fà. Ẹ̀dà 1.2, tó jáde lọ́dún 1996, wá fàyè gba kí wọ́n kó ojú ìwé àkọ́kọ́ àti àdírẹ́sì rẹ̀ síwájú, kí òǹkàwé lè máa ka ìyẹn nígbà tí ìyókù ń bọ̀ lọ́nà. Lẹ́yìn náà ni ẹrù bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo. Ẹ̀dà 1.4 ti ọdún 2001 gbà kí àwọ̀ kan hàn gba inú òmíràn, ẹ̀rọ sì gbọ́dọ̀ ya wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kó tó pò wọ́n pọ̀. Ẹ̀dà 1.5 ti ọdún 2003 kó àwòrán JPEG 2000 wọlé, èyí tó ń jẹ agbára púpọ̀ kó tó tú. Ohun tí Warnock lé jáde lẹ́nu ọ̀nà, àwọn tó tẹ̀lé e ń gbé ẹgbẹ́ rẹ̀ wọlé láti ẹ̀yìnkùlé. Adobe Reader fúnra rẹ̀ sanra débi pé àwọn oníkọ̀ǹpútà ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Ohun kan wà tí Adobe ṣe tó yẹ kí wọ́n yìn ín fún. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ló ti tẹ òfin PDF jáde ní gbangba, ẹnikẹ́ni sì lè kọ ẹ̀rọ tirẹ̀. Ní ọjọ́ 1 oṣù keje ọdún 2008, òfin náà kúrò lábẹ́ Adobe, ó di ISO 32000-1.

Ẹnu ọ̀nà yẹn ni àwọn ìdílé gbà wọlé. L. Peter Deutsch ti gbé Ghostscript jáde fún PostScript láti ọdún 1988, PDF sì wá di ara iṣẹ́ rẹ̀ nígbà tó yá. Derek Noonburg gbé Xpdf jáde lọ́dún 1995 fún àwọn tó ń lo Unix. Lọ́dún 2005, àwọn ará Linux yọ ẹ̀ka kan lára Xpdf, wọ́n pè é ní Poppler, òun sì ni ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà Linux fi ń ya PDF títí dòní. Poppler kò ríbi jókòó sí lórí fóònù. Àwọn láíbìrì mìíràn tó gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e wọlé pọ̀, láísẹ́ńsì ọ̀fẹ́ GPL tó ń lò kò sì bá ilé ìtajà áàpù Apple lájọṣe. VLC, áàpù fídíò tó ń lo irú láísẹ́ńsì kan náà, ni Apple yọ kúrò lórí àtẹ ní oṣù kìíní ọdún 2011 lẹ́yìn tí ọ̀kan lára àwọn tó kọ ọ́ fẹjọ́ sùn.

Apple gba ọ̀nà tirẹ̀. Kọ̀ǹpútà NeXT, tí Steve Jobs ṣe nígbà tó fi Apple sílẹ̀, PostScript ló fi ń ya ohun gbogbo sójú. Nígbà tí Apple ra NeXT tó sì ń sọ ọ́ di Mac OS X, ó yọ PostScript kúrò, ó kọ ẹ̀rọ ìyàwòrán tuntun, Quartz, sórí ìlànà PDF. Láti ọdún 2001 ni PDF ti wọ Mac léegun. Ìdí rèé tí iPhone tó jáde lọ́dún 2007 fi lè ṣí PDF tó bá ímeèlì wá láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni wá áàpù kiri.

Ìdílé MuPDF bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2002 lọ́wọ́ Tor Andersson, ará Sweden. Ẹ̀rọ kékeré ló ń wá, tí yóò ya lẹ́tà kí etí wọn mọ́ tónítóní, tí kò sì ní kó ẹbí rẹpẹtẹ lẹ́yìn. Artifex, ilé iṣẹ́ tó ń tọ́jú Ghostscript, gbà á mọ́ra. Ohun tó mú MuPDF yàtọ̀ ni pé ó lè ka àṣẹ ojú ìwé kan lẹ́ẹ̀kan, kó tò ó sínú àkọsílẹ̀, kí àwọn ọpọlọ tó wà nínú fóònù sì jọ máa ya apá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ láti inú àkọsílẹ̀ kan náà. Ó tún ní àpò tó ń kó fọ́ǹtì àti àwòrán tó ti tú pa mọ́ sí. Mẹ́gábáìtì 256 ni ìwọ̀n àpò náà bí ẹnikẹ́ni kò bá dín in kù, bẹ́ẹ̀ ìyẹn ju gbogbo mẹ́mórì G1 lọ.

Ìdílé mìíràn ló wá gba ọjà mọ́ gbogbo wọn lọ́wọ́. Foxit ni ilé iṣẹ́ tí Eugene Xiong dá sílẹ̀ lọ́dún 2001. Foxit Reader gbajúmọ̀ láàárín àwọn tó ń lo Windows torí pé ó kéré, ó sì ń ṣí wàrà nígbà tí ti Adobe ṣì ń mí hẹlẹ. Lọ́dún 2010, Google gba láísẹ́ńsì ẹ̀rọ Foxit láti fi máa ṣí PDF nínú Chrome. Nígbà tó di oṣù karùn-ún ọdún 2014, wọ́n tú kóòdù ẹ̀rọ náà síta lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n pè é ní PDFium, láísẹ́ńsì rẹ̀ sì fẹjú: ẹnikẹ́ni lè gbé e sínú áàpù tó ń tà láìtú kóòdù tirẹ̀ síta. Kò tíì sí ẹ̀bùn tó yí ọjà yìí padà tó ìyẹn.

Kó tó di ìgbà yẹn, ìyà jẹ fóònù. Nígbà tí Adobe ṣe Reader fún Palm ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún yìí, fáìlì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba orí kọ̀ǹpútà kọjá, kí prógíráàmù kan tún un tò kó tó lè wọ inú ẹ̀rọ àtẹ́lẹwọ́ náà. Lórí iPhone, ẹ̀rọ wà, àyè ni kò sí: mẹ́gábáìtì 128 ni mẹ́mórì ti àkọ́kọ́. Ọgbọ́n tí Apple fi kọ́ àwọn tó ń kọ áàpù ni pé kí wọ́n má ya gbogbo ojú ìwé mọ́. Áàpù á kọ́kọ́ ya àwòrán kékeré tí kò mọ́ dáadáa, á tẹ́ ẹ sílẹ̀ kí ojú òǹkàwé má bàa ṣófo. Lẹ́yìn náà ló máa gé ibi tó wà lójú fóònù nìkan sí ẹyọ onígun mẹ́rin kéékèèké, á ya wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, á máa fi wọ́n bo àwòrán kékeré náà mọ́lẹ̀. Bí òǹkàwé bá fi ìka méjì fẹ̀ ẹ́, ẹyọ àtijọ́ á kúrò, tuntun á dé. Ẹni tó ti rí ojú ìwé tó kọ́kọ́ ṣú lójú fóònù, tó wá ń mọ́ díẹ̀díẹ̀ láti igun kan dé èkejì, ti rí iṣẹ́ yìí lójú ara rẹ̀.

Android kò tilẹ̀ ní ẹ̀rọ kankan. WebView rẹ̀, tó ń ṣí ojú ìwé íntánẹ́ẹ̀tì nínú áàpù, kì í ṣí PDF. Ọ̀pọ̀ ló wá ń fi fáìlì ránṣẹ́ sí Google Docs kí ìyẹn yà á padà fún wọn, iye dátà tí èyí ń jẹ kò sì kéré, ká má tíì sọ pé ìwé àṣírí ẹni ń rin ìrìn àjò nítorí àtiwò lásán. Àwọn tó gbọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ dúró de NDK, irinṣẹ́ tó gba kóòdù C láàyè lórí Android, èyí tó jáde ní oṣù kẹfà ọdún 2009. Wọ́n gbé MuPDF gba ibẹ̀ wọlé, òun ló sì ń ṣiṣẹ́ nínú Vudroid àti APV, tó wà lára àwọn áàpù PDF ọ̀fẹ́ àkọ́kọ́ lórí Android. Ọgbọ́n mìíràn tún wà níbẹ̀: kóòdù C lè gba mẹ́mórì láìwọ inú mẹ́gábáìtì 16 tí wọ́n fi dé áàpù mọ́lẹ̀.

Android 5.0 ló mú ẹ̀rọ tirẹ̀ wá níkẹyìn, ní oṣù kọkànlá ọdún 2014. PdfRenderer ni orúkọ rẹ̀, PDFium ló sì wà lábẹ́ rẹ̀. Kò fi kílóbáìtì kan kún ìwọ̀n áàpù, kò sì ní owó láísẹ́ńsì. Àmọ́ agídí pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà náà. Ojú ìwé kan ṣoṣo ló lè ṣí lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó bá fẹ́ ṣí òmíràn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ti èyí tó wà nílẹ̀. Kò lè wá ọ̀rọ̀, kò lè da ọ̀rọ̀ kọ. Kì í sì í gba fáìlì tó ń ṣàn bọ̀ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, àfi èyí tó ti jókòó sórí fóònù tí a lè fò síwá sẹ́yìn nínú rẹ̀. Tábìlì àdírẹ́sì tó wà nídìí fáìlì láti ọdún 1993 ló fà á.

Agídí yìí ló jẹ́ kí láíbìrì ọ̀fẹ́ kan tó ń jẹ́ AndroidPdfViewer tàn kálẹ̀. Òun náà gbé PDFium wọlé, ṣùgbọ́n ó gbé e wá ní tààrà, kò gba ọ̀dọ̀ PdfRenderer. Nínú kóòdù rẹ̀, nọ́ńbà méjì wà tó ń ṣàlàyé gbogbo iṣẹ́ náà: 0.3, tó jẹ́ ìwọ̀n àwòrán kékeré tó kọ́kọ́ ń tẹ́ sílẹ̀, àti 256, ìwọ̀n ẹyọ onígun mẹ́rin. Ọgbọ́n iPhone ni, tí wọ́n wọ̀ láṣọ Android. Nígbà tí wọ́n kéde lọ́dún 2021 pé JCenter, ibi tí ọ̀pọ̀ áàpù ti ń fa láíbìrì, yóò kógbá wọlé, ọ̀pọ̀ èèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ wá mọ̀ pé ohun tí kò sí ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ déédéé mọ́ ni iṣẹ́ wọn rọ̀ mọ́.

Ohun tó sábà máa ń ya ẹni tó ń ṣe ìfiwéra lẹ́nu nìyí. Á kó láíbìrì mẹ́rin jọ, á dán wọn wò, iyára wọn á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Kò yẹ kó yà á lẹ́nu. react-native-pdf ń lo AndroidPdfViewer lórí Android àti PDFKit lórí iPhone, PDFKit tí Apple kò gbé dé fóònù àfi ní iOS 11, lọ́dún 2017. pdfx, tó wà fún àwọn tó ń fi irinṣẹ́ Flutter kọ áàpù, ń lo PdfRenderer. pdfrx, ti Flutter náà, ń lo PDFium. Kódà PSPDFKit tó ń jẹ́ Nutrient báyìí, tí wọ́n ń fi owó gidi rà, orí PDFium ló kọ́lé sí. Aṣọ yàtọ̀, egungun kan náà.

Ibi tí ìyàtọ̀ ti ń hàn ni fáìlì tó le. Máàpù ìlú tó ní ìlà ẹgbẹẹgbẹ̀rún ń dá ẹ̀rọ tó ń tún àṣẹ kà fún ẹyọ kọ̀ọ̀kan dúró. Àkọsílẹ̀ MuPDF ń yege níbẹ̀. Ìwé àtijọ́ tí wọ́n ya fọ́tò rẹ̀, ojú ìwé 400, kò ní ìlà kankan láti fà, àwòrán ńlá ńlá ló ní láti tú, mẹ́mórì ló sì ń pa á. PDFium kì í jẹ́ kí ọpọlọ méjì fọwọ́ kàn án lẹ́ẹ̀kan náà, torí náà ìlà ni iṣẹ́ ń tò sí. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ka ìbéèrè àtẹ̀yìnwá WAEC lórí fóònù Itel kò bìkítà fún gbogbo èyí. Ohun tó ń wò ni bí ojú ìwé àkọ́kọ́ ṣe yá tó, àti bóyá áàpù kò ní ṣubú nígbà tó bá fi ìka gbá a dé ìdajì.

Ẹni tó bá fi eré nìkan yan MuPDF tún lè bá ilé ẹjọ́ pàdé. Láísẹ́ńsì AGPL rẹ̀ sọ pé ẹni tó bá gbé e sínú áàpù tó ń pín fún aráyé gbọ́dọ̀ tú kóòdù tirẹ̀ náà síta, tàbí kó lọ ra láísẹ́ńsì lọ́wọ́ Artifex. Artifex kì í sì í fi ẹnu lásán sọ ọ́. Ní oṣù kejìlá ọdún 2016, ó pe Hancom, ilé iṣẹ́ South Korea tó ń ṣe prógíráàmù ọ́fíìsì, lẹ́jọ́ ní California pé ó lo Ghostscript láìpa àdéhùn GPL mọ́. Hancom ní kí wọ́n da ẹjọ́ náà nù. Adájọ́ kọ̀, ó gbà pé láísẹ́ńsì ọ̀fẹ́ lè dúró gẹ́gẹ́ bí àdéhùn. Wọ́n parí ìjà náà láàárín ara wọn kí ọdún 2017 tó tán.

Àwọn tó ń ka Yorùbá tún ní ẹ̀dùn tiwọn. Unicode ní ààyè kan fún ẹ àti ọ̀kan fún ọ, ṣùgbọ́n kò ní ààyè ẹyọ kan fún ẹ́ tàbí ọ̀; ńṣe ni àmì ohùn ń gun orí lẹ́tà náà lọ́tọ̀. PDF kò tilẹ̀ nílò lẹ́tà kó tó yà á. Nọ́ńbà àwòrán tó wà nínú fọ́ǹtì ló ń lò, tábìlì mìíràn tó ń jẹ́ ToUnicode ló sì ń sọ lẹ́tà tí nọ́ńbà náà dúró fún. Ìwé tí wọ́n fi fọ́ǹtì àdáni tẹ̀ láyé ọjọ́un lè hàn rekete lójú fóònù, pẹ̀lú àmì orí àti ti ìsàlẹ̀, kí èèyàn wá ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nínú rẹ̀ kó má rí i. Bí wọn kò bá sì di fọ́ǹtì náà mọ́ inú fáìlì, ẹ̀rọ á fi òmíràn rọ́pò, "ọ̀kọ̀" àti "ọkọ" á sì di ọ̀kan náà. Ìdánwò eré kankan kì í ka èyí kún.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2010, ẹnì kan tó ń jẹ́ comex ṣí ojú ìwé íntánẹ́ẹ̀tì kan tó pè ní JailbreakMe. Kí ẹni tó ní iPhone ṣáà ti lọ síbẹ̀, PDF kan á ṣí, àléébù kan nínú FreeType tó ń ka fọ́ǹtì á gba àkóso fóònù lọ́wọ́ Apple. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín, torí àwọn oní fóònù ló fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Èyí tó wáyé lọ́dún 2021 kò mú ẹ̀rín wá. Citizen Lab, ti Yunifásítì Toronto, rí fáìlì lórí fóònù ajìjàgbara kan ará Saudi Arabia. Fáìlì náà ń pe ara rẹ̀ ní GIF, PDF ni lóòótọ́, NSO Group ti Ísírẹ́lì ni wọ́n sì tọ́ka sí pé ó ni irinṣẹ́ náà. iMessage ṣí i fúnra rẹ̀, ẹni tó ni fóònù kò tẹ ohunkóhun.

Ibi tí fáìlì náà gbà wọlé ni JBIG2, ètò tó ń fún àwòrán ìwé pọ̀ nípa títọ́jú lẹ́tà tó bá jọra lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó ti ní orúkọ burúkú tẹ́lẹ̀: lọ́dún 2013, David Kriesel, ará Jámánì, fi hàn pé àwọn ẹ̀rọ ẹ̀dà Xerox ń sọ 6 di 8 nítorí irú ìjọra bẹ́ẹ̀. Kóòdù JBIG2 tó wà lórí iPhone wá láti inú Xpdf, tí Noonburg kọ́kọ́ gbé jáde lọ́dún 1995. Àwọn oníṣẹ́ ibi náà to àṣẹ JBIG2 tó lé ní 70,000 jọ, wọ́n sì fi wọ́n kọ́ kọ̀ǹpútà kékeré kan tó ń ṣírò nínú ẹ̀rọ tó yẹ kó máa ya àwòrán lásán. Ìṣirò tí Warnock lé kúrò nínú ojú ìwé, wọ́n fipá dá a padà. Apple dí ihò náà ní ọjọ́ 13 oṣù kẹsàn-án ọdún 2021, nínú iOS 14.8. Láti ìgbà náà, ẹni tó ń yan láíbìrì tó sì mọ ohun tó ń ṣe kì í béèrè eré nìkan. Ó ń béèrè ìgbà tí wọ́n ṣe àtúnṣe rẹ̀ kẹ́yìn.

Lọ́dún 2024, Android 15 fún PdfRenderer ní ohun tí wọ́n ti ń bẹ̀bẹ̀ fún fún ọdún mẹ́wàá: fáìlì tó ní ọ̀rọ̀ aṣínà, wíwá ọ̀rọ̀, dída ọ̀rọ̀ kọ, kíkọ nǹkan sínú fọ́ọ̀mù. PdfRendererPreV sì gbé e dé àwọn fóònù tó wà lórí Android 11 sókè. Android 15 yìí kan náà ló gbà kí fóònù máa pín mẹ́mórì ní kílóbáìtì 16 dípò 4 àtijọ́. Google Play wá kéde pé láti ọjọ́ 1 oṣù kọkànlá ọdún 2025, áàpù tuntun àti àtúnṣe áàpù àtijọ́ tó bá fojú sí Android 15 sókè gbọ́dọ̀ lè ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Áàpù tó jẹ́ Java tàbí Kotlin nìkan kò ní ìṣòro. Àwọn tó gbé AndroidPdfViewer sínú áàpù wọn lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn, tí wọ́n sì ti gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀, ló bẹ̀rẹ̀ sí í rí orúkọ tí wọn kò rí rí nínú ìkìlọ̀ Google Play: libjniPdfium.so, libmodpdfium.so, àti libmodft2.so, tí í ṣe FreeType.